Phrasal verb Gẹ̀ẹ́sì: ibo ni “it” máa ń wà, báwo la sì ṣe ń mọ ìtumọ̀ wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́Alẹ́:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní phrasal verb, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọ̀rọ̀ kékeré kan ń tẹ̀ lé, ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀: give up, put off, look after àtàwọn ẹgbẹ́ wọn. Kí ló dé tí “pick up the phone” tọ̀nà, tí “pick it up” náà tọ̀nà, àmọ́ tí “pick up it” kò tọ̀nà? Kí ló sì dé tí a ò lè sọ pé “look him after”? Paríparì ẹ̀, ìwé tó wà lọ́wọ́ mi to bíi irínwó wọn sílẹ̀ láti A dé Z. Ṣé gbogbo rẹ̀ lèèyàn máa há sórí ni? JAMB ni mo ń múra fún, ẹ jọ̀ọ́.

TíṣàGírámà:
Má da ara rẹ láàmú. Ohun tó pọ̀ jù nínú èyí, o ti ń ṣe é lédè Yorùbá láti kékeré. Wo ọ̀rọ̀-ìṣe “bàjẹ́”. Bí àbọ̀ (object, ìyẹn ohun tí ìṣe náà kàn) bá dé, ṣe ló máa là sí méjì, àbọ̀ á bọ́ sáàárín: ó ba aṣọ jẹ́, ó bà á jẹ́. Kò sọ́mọ Yorùbá tó máa sọ pé “ó bàjẹ́ aṣọ”. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni wọ́n ń pe irú èyí ní kíláàsì Yorùbá. Fi àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn:

let me down: já mi kulẹ̀
tell him off: bá a wí
throw it away: dà á nù
give it back: dá a padà
bring her up: tọ́ ọ dàgbà
take it apart: tú u palẹ̀

Ṣé o rí i pé ibi tí arọ́pò-orúkọ wà nínú Yorùbá gan-an ló wà nínú Gẹ̀ẹ́sì?

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Yorùbá kì í jẹ́ kí àbọ̀ jáde kúrò láàárín. Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbà fún un bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ: throw the rice away, throw away the rice, kò sí èyí tí kò dáa níbẹ̀. Bó bá ti di me, him, her, it, us tàbí them, àárín nìkan ni àyè rẹ̀. Ìdí ni pé ìparí gbólóhùn ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ohun tuntun, ohun tó wúwo, sí. “It” kò wúwo. Ohun tí a ti dárúkọ tẹ́lẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Ìdí yìí kan náà ni àbọ̀ gígùn fi máa ń sá fún àárín. “Throw the rice that your aunty brought from Ibadan away”: kí èèyàn tó dé “away”, ó ti gbàgbé “throw”. “Throw away the rice that your aunty brought from Ibadan” ló rọrùn létí.

Bí kò bá dá ọ lójú, tí àbọ̀ náà sì kúrú, fi í sáàárín bíi ti Yorùbá.

ỌmọÌkòròdú:
“Já mi kulẹ̀” àti “let me down”, àfi bí ìbejì! Àmọ́ tíṣà, ẹ má jẹ́ kó lọ máa la gbogbo wọn o. Look after ń bẹ níwájú.

ÀpótíỌ̀rọ̀:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ní ìrù. Nínú throw away, throw ló ni ìrù náà. Nínú look after, ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ni “after”: ọ̀rọ̀ atọ́kùn (preposition) ni, iwájú ohun tó ń tọ́ka sí ló sì gbọ́dọ̀ wà. Yorùbá náà kì í sọ pé “mo ń ronú rẹ̀ nípa”. “Mo ń ronú nípa rẹ̀” la mọ̀. Look after, look for, look into, come across, take after, run into, count on: kò sí èyí tó ń là nínú wọn. Look after him, run into them, bẹ́ẹ̀ ni o.

Ẹ má sì rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni ibi tí “it” wà. Ó máa ń yí ìtumọ̀ padà. See it through ni pé kí o bá nǹkan dé òpin, kí o má fi í sílẹ̀ láàbọ̀. See through him ni pé o ti mọ ète rẹ̀, kò lè tàn ọ́ jẹ mọ́. Turn it on: tàn án. Turn on him: kọjú ìjà sí i lójijì, bí ajá ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀nà méjì ló wà láti mọ èyí tó ń là. Àkọ́kọ́, ṣí ìwé atúmọ̀ tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, kí o wo ibi tí wọ́n fi sth tàbí sb sí. Sth dúró fún something, sb dúró fún somebody. Bí o bá rí throw sth away, ó ń là. Bí o bá rí look after sb, kì í là. Bí kò bá sí ọ̀kankan níbẹ̀, kò gba àbọ̀ rárá nìyẹn: the bus broke down. Dẹ́rẹ́bà kò lè break down the bus.

Ọ̀nà kejì, tẹ́tí sí ohùn. Turn it OFF: ìrù ló gba agbára. LOOK at it: ọ̀rọ̀-ìṣe ló gbà á, “at” á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Etí tó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ kò lè ṣàìgbọ́ ọ.

ÌyáKíláàsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo èyí dára, àmọ́ ibi tí máàkì ti ń jò jù ni ibi tí a ti ń sọ Yorùbá, tí a sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ. Ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

“Pa iná.” Yorùbá ní “pa” kan fún iná ìdáná àti iná mànàmáná. Gẹ̀ẹ́sì pín wọn: put out the fire, ṣùgbọ́n turn off the light. “Quench the light” kò sí. Jẹnẹrétọ̀ tó kú fúnra rẹ̀ náà kì í quench. It went off, tàbí it cut out. Ẹni tó ní “off the light” tàbí “on the gen” mú ìrù, ó fi orí sílẹ̀. Turn tàbí switch gbọ́dọ̀ ṣáájú: turn it off, switch it on.

“Wọ.” A ń wọ bàtà lọ́wọ́, a sì ti wọ bàtà tán, “wọ” kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ní méjì. Bí ẹnì kan bá ké láti inú yàrá pé “I'm wearing my shoes, wait for me”, ohun tí òyìnbó gbọ́ ni pé bàtà ti wà lẹ́sẹ̀. Kí ló wá ń dá a dúró? “I'm putting on my shoes” ló yẹ kó sọ. Bí ó bá fẹ́ bọ́ ọ: take them off.

“Sọ̀ kalẹ̀.” “I will drop at Ojota”, “I will come down at Ojota”: get off ni. Ọkọ̀ tí èèyàn lè dìde kó rìn nínú rẹ̀, bọ́ọ̀sì ńlá, rélùwéè, bàálù, get on àti get off la ń lò fún wọn. Káà àti takisí tí à ń tẹ̀ ba kí a tó wọ̀: get in, get out of. Ọ̀kadà tí à ń gùn: get on, get off. Dáńfó kò ga tó ohun tí èèyàn ń nàró rìn nínú rẹ̀, àmọ́ bọ́ọ̀sì náà ni wọ́n kà á sí, torí náà get off.

“Fill the form.” Fill nìkan ni ti omi nínú gáréwà. Fọ́ọ̀mù, fill it in ni lọ́dọ̀ àwọn ará Britain, fill it out lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Bákan náà ni “pick my call”: èso là ń pick. Pick up, tàbí kí ẹ kúkú sọ pé answer.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà, níbi tí a ti ń fi ìrù so mọ́ ohun tí kò nírù. “Voice out your opinion”, “cope up with it”, “discuss about the matter”. Ẹ gé ìrù yẹn dànù: voice your opinion, cope with it, discuss the matter.

Pass out wá jẹ́ ti ara rẹ̀. Ní ti ológun àti NYSC, passing-out parade tọ̀nà. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àmọ́ bí ẹ bá sọ fún ará Amẹ́ríkà pé ọmọ yín “passed out last year”, ó máa béèrè bóyá ara rẹ̀ ti yá, nítorí dídákú ni pass out lọ́dọ̀ wọn. Ní ti yunifásítì, ẹ sọ pé he graduated.

Akẹ́kọ̀ọ́Alẹ́:
Ẹ ṣé gan-an ni, ma. Tó bá jẹ́ pé iná tó kú ló went off, ṣé “the alarm went off” ni pé áláàmù ti dákẹ́?

AráPeckham:
Rárá o, ó dún ni! Go off ni bàbá ìtànjẹ. Iná tó goes off, ó kú. Áláàmù tó goes off, ó ké. Bọ́ǹbù, ó bú gbàù. Wàrà, lẹ́nu àwọn ará Britain, ó ti kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí áláàmù dákẹ́, turn it off. Bí ẹnì kan bá fara kan ilẹ̀kùn tí áláàmù sì ké, he set it off.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn fi rántí rẹ̀ ni pé “off” níbẹ̀ jẹ́ kíkúrò ní ipò tí nǹkan wà. Iná kúrò ní títàn, áláàmù kúrò ní ìdákẹ́, wàrà kúrò ní dídára. Nítorí náà, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé ipò wo ni nǹkan yẹn máa ń wà lójoojúmọ́.

TíṣàGírámà:
Ọ̀rọ̀ AráPeckham yìí gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n fi kọ́ ìrù yòókù. “Up” sábà máa ń ṣiṣẹ́ “tán” wa. Eat it up: jẹ ẹ́ tán. Drink it up: mu ún tán. Use it up: lò ó tán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín “jẹun rẹ” àti “jẹun rẹ tán” ló wà láàárín eat your food àti eat up your food. “Back” ni “padà”: pay back, call back. “On” ni “máa bá a lọ”: carry on, go on, read on. “Out” nígbà mìíràn ni kí nǹkan hàn síta, bíi find out, point out. Nígbà mìíràn ó tún di títán, bíi run out, sell out, die out. “Down” máa ń mú nǹkan dín kù, bíi cut down, slow down, calm down.

ÀpótíỌ̀rọ̀:
Tíṣà, ẹ má bínú, mi ò bá yín dé ìparí. “Tán” wo ló wà nínú bring up a child? Èwo ló wà nínú show up, tí í ṣe kí èèyàn yọjú? Slow down àti slow up, ìtumọ̀ kan náà ni. Ilé tó jóná burns down, ìwé tó jóná burns up. Ẹ wá wo make up nìkan: make up a story, hun irọ́, make up your mind, pinnu, make up your face, kun ojú, they have made up, wọ́n ti parí ìjà, make up for lost time, dí àkókò tó ti ṣòfò. “Up” wo ló máa sọ márààrún fún èèyàn?

Ìrù wúlò fún ìrántí, kò wúlò fún míméfò. Ẹ kọ́kọ́ rí ìtumọ̀ nínú gbólóhùn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi ìrù pé kí ló ṣe.

TíṣàGírámà:
Mo gbà fún ọ ní ti make up. Ní ti use up àti eat up, mi ò gbà.

AráKétu:
Ẹ kú o. Àwa tí a fi Faransé kàwé níhìn-ín ní Bẹ̀nẹ̀, tiwa yàtọ̀. Discover, abandon, continue kò le fún wa, nítorí découvrir, abandonner, continuer ti wà lẹ́nu wa. Find out, give up, carry on ló ń dà wá láàmú. Ṣé a ò lè máa lo àwọn àkọ́kọ́ yẹn lọ bẹ́ẹ̀ ni?

ÌyáKíláàsì:
Ẹ lè máa lò wọ́n, wọn ò ní pè é ní àṣìṣe. Àmọ́ láti 1066 tí àwọn ará Normandy ti ṣẹ́gun England, Faransé di èdè ààfin àti ilé ẹjọ́ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ Faransé wá máa dún bí ọ̀rọ̀ ìwé títí dòní, tí find out àti give up sì jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé. Nínú lẹ́tà sí ọ̀gá, the meeting has been postponed. Lẹ́nu sí ọ̀rẹ́, they've put it off. Ẹni tó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé “please extinguish the candle” kò ṣi gírámà, àmọ́ ó dà bí ẹni wọ agbádá lọ pọnmi.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé o. Carry out (ṣe iṣẹ́ tàbí ìwádìí) àti set up (dá sílẹ̀) wà nínú ìwé ìjọba dáadáa. Nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ tí ẹ máa kọ nínú ìdánwò, ẹ má bẹ̀rù wọn.

ỌmọÌkòròdú:
Padà sí ìbéèrè Akẹ́kọ̀ọ́Alẹ́ lórí irínwó yẹn. Má gba A dé Z lọ rárá. Bó o bá dé G, get up, get on, get off, get over, get by, get along, get away máa wọnú ara wọn bí okùn tó ta kókó. Ibì kan ni kó o mú, kó o kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Jẹ́ ká mú fóònù:

pick up: gbé ìpè
hold on: dúró díẹ̀
put me through to her: so mí pọ̀ mọ́ ọn
we got cut off: ìpè já
hang up: pa ìpè
call me back: pè mí padà
top up: fi owó kún fóònù
run out of: tán mọ́ni lọ́wọ́

Mẹ́jọ nìyẹn, wọn ò sì lè dàpọ̀ nítorí pé oníkálukú ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìpè kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ kan tó fún wọn. Kọ gbólóhùn mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá gba àbọ̀: ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀kan pẹ̀lú it tàbí them, ọ̀kan tó ti kọjá. Tèyí tó ti kọjá ló ń tú èèyàn fó jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń yí padà, ìrù kì í yí: picked up, threw away, hung up. “Hanged” jẹ́ ti ẹni tí wọ́n yẹgi fún, kì í ṣe ti fóònù. Lọ́jọ́ kẹta, fi ọwọ́ bo Gẹ̀ẹ́sì, wo Yorùbá nìkan, kó o tún un kọ.

Kíyè sí run out dáadáa. “My airtime has run out” dára, “I have run out of airtime” dára. “My airtime has run out of” kò dára, torí “of” ń dúró de àbọ̀ tí kò wá.

Nínú ìdánwò, ìrù ni wọ́n máa fi dẹ pàkúté fún ọ. “The men ___ the fire before it spread.” Ìdáhùn mẹ́rin: put off, put on, put out, put up. Bo ìdáhùn mọ́lẹ̀ ná, sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá (wọ́n pa iná náà), kó o tó wá wo ìrù. Ẹni tó kọ́kọ́ wo ìdáhùn, gbogbo wọn ni yóò jọ òótọ́ lójú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Alẹ́:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àwọn onírù méjì ńkọ́, bíi look forward to? Ṣé “I look forward to hear from you” dára?

TíṣàGírámà:
Kò dára, àmọ́ kò sí ìwé ìbéèrè iṣẹ́ tí kì í sí nínú rẹ̀. “To” yìí kì í ṣe ti “to go, to eat”. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni. Ọ̀nà tí a fi ń dán an wò: fi ọ̀rọ̀-orúkọ sí i. I look forward to the party. Ó gbà á, àbí? Bó bá ti gba ọ̀rọ̀-orúkọ, ìṣe tó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ ní -ing: I look forward to hearing from you.

Ọ̀pọ̀ àwọn onírù méjì kì í là: put up with it (fara dà á), look down on him (fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀), get along with them (bá wọn rẹ́). Ìrù méjèèjì jọ ń rìn ni, kódà nígbà tí àbọ̀ bá sá lọ síwájú: it was hard to put up with.

AráPeckham:
Èyí kékeré fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà: bó bá jẹ́ ìṣe, ọ̀rọ̀ méjì, bó bá jẹ́ orúkọ, ọ̀rọ̀ kan. Log in here, this is my login. Back up the file, make a backup.

Akẹ́kọ̀ọ́Alẹ́:
Mo gbìyànjú o. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:
1. My brother let me down.
2. I login yesterday but the network cut off me.
3. I am looking forward to seeing my result.
4. She takes her mother after.
5. The alarm went off and I turned off it.

ÌyáKíláàsì:
Ìkíní àti ìkẹta dára. Ìkejì ní àṣìṣe méjì: I logged in yesterday but the network cut me off. Ìkẹrin, “after” kì í là: she takes after her mother. Ìkarùn-ún, o mọ ìtumọ̀ go off báyìí, àmọ́ “it” ti bọ́ sẹ́yìn: I turned it off. Méjì nínú márùn-ún. Tún mẹ́ta yòókù kọ, kí o sọ the alarm di the alarms nínú ìkarùn-ún, kí o fi them rọ́pò it, kí o sì gbé e padà wá síbí.